Kókó tí a Ṣi Orúkọ Rẹ̀ Pè

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti lè tan ènìyàn jẹ. Bí ẹni tí a bá nínú ilé bá jẹ́ ayálégbé ńkọ́? Orúkọ baba onílé kì yóò bá a mu. Irú àṣìṣe yìí gan-an ni ó ṣẹlẹ̀ nínú ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó nípa kókó kan tí kò wọ́pọ̀, tí ó lè yọ ní ahọ́n, ní abẹ́ awọ ara, ní ọmú, ní ọ̀nà ọ̀fun àti ní ibòmíràn. Inú ẹran ahọ́n ni a ti kọ́kọ́ bá a, orúkọ ẹran ahọ́n ni a sì fi pè é. Láti ọdún 1926 tí orúkọ náà ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, ó di ọdún 1962 kí ẹ̀rí tí ó dájú tó jáde pé ayálégbé ni.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ òkèèrè nìkan ni èyí. Ó kan ilẹ̀ Yewa, tí a ń pè ní Ẹ̀gbádò títí di ọdún 1995, ní ọ̀nà tí ó ṣe pàtàkì. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó fa ìlà gba àárín ilẹ̀ Yorùbá kọjá ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Kétu bọ́ sí ọwọ́ Faransé. Ìmẹ̀kọ àti Ìlárá, tí wọ́n jẹ́ ti Kétu láti ilẹ̀ wá, bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà náà pín ìjọba, kò pín ẹbí. Àwọn ènìyàn ń kọjá ẹnubodè lọ sí ọjà, wọ́n ń kọjá rẹ̀ lọ fẹ́ ìyàwó, bí àìsàn bá sì dé, ibi tí ìbátan bá wà, tàbí ibi tí owó bá ká, ni à ń gbé aláìsàn lọ. Ìdí nìyí tí ìwé àyẹ̀wò tí a kọ ní èdè Faransé ní Kútọnu fi lè dé ọwọ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlaró. Bí ó bá jẹ́ kókó tí à ń sọ yìí ni, ohun tí yóò sábà wà nínú ìwé náà ni tumeur d'Abrikossoff. Ìwé ti Ìbàdàn yóò pè é ní granular cell tumour. Bí nọ́ọ̀sì náà bá sì ṣí ìwé ìṣègùn àtijọ́, granular cell myoblastoma ni yóò bá níbẹ̀. Orúkọ mẹ́ta, kókó kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn rẹ̀ yóò rò pé àrùn mẹ́ta ni.

Kò yẹ kí a fi àwọn tí ó ṣi orúkọ náà pè ṣe ẹlẹ́yà. Ojú ni gbogbo ayé kọ́kọ́ fi ń sọ àrùn lórúkọ. Àwọn baba wa pe wíwú ọrùn ní gẹ̀gẹ̀, wọ́n pe wíwú ẹpọ̀n ní ìpá, wọ́n pe èyí tí ó pọ́n, tí ó gbóná, tí ó sì ń gba ọyún ní oówo. Èyí tí ń jẹ ẹran ara lọ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n pè ní jẹjẹrẹ. Ibi tí àrùn fìdí sí, tàbí ìwà tí ó ń hù, ni irú orúkọ bẹ́ẹ̀ dúró lé. Ṣùgbọ́n wíwú tí kò ní ibùjókòó kan pàtó, tí kò gbóná, tí kò gba ọyún, tí kò sì jẹ ẹran ara, kò ní orúkọ tirẹ̀. Kókó lásán ni.

Bí èyí tí a ń sọ nípa rẹ̀ yìí ti rí gan-an nìyẹn. Ó le bí a bá fi ọwọ́ kàn án, ó sábà máa ń wà láìdun ẹni tí ó ní in, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń dàgbà, tó bẹ́ẹ̀ tí ọdún púpọ̀ lè kọjá kí ẹni náà tó kà á sí. Kì í sábà tóbi ju ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ. Ó wọ́pọ̀ lára obìnrin ju ọkùnrin lọ, láàárín ẹni ọgbọ̀n ọdún sí ọgọ́ta ọdún ni a sì ti ń rí i jù. Ní àwọn ilé ìwòsàn Amẹ́ríkà, níbi tí a ti ń kọ ìran aláìsàn sílẹ̀, lára àwọn ènìyàn dúdú ni wọ́n ti ń bá a ju ti àwọn funfun lọ. Nítorí náà, bí a tilẹ̀ ń pè é ní àrùn tí kò wọ́pọ̀, kì í ṣe àrùn àjòjì sí ara ènìyàn dúdú. Ahọ́n ni ibi tí ó fẹ́ràn jù lọ. Lẹ́yìn ahọ́n ni awọ ara; ó tún lè wà ní ọmú, ní gògóńgò, ní ọ̀nà oúnjẹ, ní ojú ara obìnrin, ní ẹ̀gbẹ́ ihò ìdí, àní nínú ọpọ́n tí ń gbé òróòro. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó bá ní in, ó lè tó ẹnì kan tí tirẹ̀ yóò ju ẹyọ kan lọ ní ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lára.

Ní ọdún 1854, Weber, oníṣègùn ará Jámánì, kọ ìròyìn nípa irú wíwú bẹ́ẹ̀ ní ahọ́n. Òun ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ òǹkọ̀wé kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣàpèjúwe rẹ̀. Ọdún mẹ́rin sí ìgbà náà ni Virchow tó tẹ ìwé rẹ̀ jáde, ní 1858, tí ó fi kọ́ ayé pé nínú sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké tí a fi mọ gbogbo ara, ni àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Weber kò ní ohun èlò tí yóò fi rí jù bí ó ti rí lọ. Ẹran ara tí a bá gé kúrò lára ènìyàn, bíi ti ẹran màlúù lórí àtẹ, bíbàjẹ́ ni yóò máa bàjẹ́ láti wákàtí tí ọ̀bẹ ti kàn án. Ó di ọdún 1893 kí Blum, ará Jámánì mìíràn, tó ṣàwárí pé omi fọ́málíìnì lè mú ẹran ara dúró bí ó ti wà. Láti ìgbà náà ni oníṣègùn ti lè gé ẹran náà sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín, kí ó pa á láró, kí ó sì fi máíkírósíkóòpù, awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, yẹ̀ ẹ́ wò ní ìrọ̀rùn.

Iṣẹ́ aláró sì ni iṣẹ́ yìí ní tòótọ́. Aró tí ń sọ inú gbùngbùn sẹ́ẹ̀lì di búlúù, lára igi kan tí ń hù ní ìhà Mẹ́síkò ni a ti ń yọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí àwọn aláró Abẹ́òkúta ti ń yọ ti wọn lára ewé èlú. Aró kejì ní àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, òun ni ó sì ń kun ìyókù sẹ́ẹ̀lì. Obìnrin tí ó ti kíyè sí i nídìí ìkòkò aró pé aṣọ kan ń gba aró, òmíràn kò gbà á, ti mọ ìdajì ohun tí dókítà ń ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò.

Pẹ̀lú ohun èlò wọ̀nyí ni Alexei Abrikossoff fi ṣiṣẹ́ ní Mọ́síkò ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ọ̀gá ni láàárín àwọn tí ń wádìí ohun tí ó pa òkú. Òun ni wọ́n fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ nígbà tí Lenin kú ní oṣù kìíní ọdún 1924. Ní ọdún 1926 ó gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn tí Virchow dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì. Ó ti rí àwọn kókó mélòó kan, ahọ́n sì ni ibi tí ó gbajúmọ̀ nínú wọn. Lábẹ́ awò, sẹ́ẹ̀lì wọn tóbi, ó sì kún fún hóró wínníwínní tí ó gba aró pupa rẹ́súrẹ́sú, bí ẹni pé a da gààrí kíkúnná sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irú hóró bẹ́ẹ̀ kò sí nínú kókó tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Abrikossoff wá bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tí ó yẹ: ọmọ ta ni èyí?

Ó wo ilé. Ahọ́n jẹ́ ẹran tí a ń fi ìfẹ́ inú wa mì, ẹran tí ó ní ìlà ìlà bí ti apá àti ti itan. Ó rí i pé àwọn sẹ́ẹ̀lì oníhóró náà súnmọ́ okùn ẹran wọ̀nyí pẹ́kípẹ́kí. Ní ibòmíràn ó dà bí ẹni pé wọ́n wọnú ara wọn. Ó sì parí èrò sí pé ọmọ ẹran ni wọ́n, pé sẹ́ẹ̀lì ẹran tí kò tíì dàgbà tán ni ó ṣáko lọ tí ó di kókó. Láti inú èyí ni orúkọ náà, myoblastoma, ti jáde, nítorí pé myo ń tọ́ka sí ẹran tí ń mú ara rìn. Ẹ̀rí tí ó wà níwájú rẹ̀ ni ó tẹ̀ lé; ìṣòro rẹ̀ ni pé inú ilé kan ni ó ti rí èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀rí náà.

Níhìn-ín ni èdè Yorùbá ti dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ gbójú fò. Iṣan ni à ń pe ẹran tí ń sún kì, tí ń nà. Iṣan náà ni à ń pe okùn tí ń gbé ìrora àti ìfọwọ́kàn lọ sí ọpọlọ. Iṣan kan náà ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà. Tí a bá sọ fún àgbàlagbà kan ní Ayétòrò ní ọdún 1926 pé kókó iṣan ni, òótọ́ ni a sọ fún un, bí a bá sì tún padà sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ní ọdún 1962, òótọ́ náà ni. Èdè wa kò ṣìnà rárá nínú àríyànjiyàn tí ó dààmú àwọn ọ̀mọ̀wé! Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ilé-ìwé ní ìtàn yìí ní láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú àròkọ yìí, iṣan ẹran ni ti àkọ́kọ́, iṣan ìmọ̀lára sì ni èkejì.

Iyèméjì kò pẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kókó náà bá jẹ́ ọmọ iṣan ẹran, kí ni ó ń wá ní ọmú, níbi tí irú iṣan ẹran bẹ́ẹ̀ kò sí? Kí ni ó gbé e dé inú awọ ara àti ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró? Ní ọdún 1935 ni Feyrter, ará Ọ́sítríà, ti ń sọ pé iṣan ìmọ̀lára ni ó yẹ kí a wò. Ní 1949, Fust àti Custer ní Amẹ́ríkà kó ẹ̀rí jọ fún èrò kan náà, wọ́n sì dábàá orúkọ mìíràn. Àwọn ènìyàn gbọ́, ṣùgbọ́n orúkọ àtijọ́ kò lọ. Orúkọ tí ó ti wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ a máa le í yọ ju kókó fúnra rẹ̀ lọ.

Ohun tí ó yí ọ̀ràn náà padà ni awò tuntun tí ń lo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀, tí àwọn ará Jámánì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ láti ọdún 1931. Ní ọdún 1962, Fisher àti Wechsler fi awò yìí àti onírúurú aró wo kókó náà. Ohun tí wọ́n rí jọ sẹ́ẹ̀lì Schwann. Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí, tí a fi orúkọ Theodor Schwann pè, ni ó ń wé mọ́ okùn iṣan ìmọ̀lára yíká gbogbo ara, gẹ́gẹ́ bí ewé ti ń wé mọ́ ẹ̀kọ. Nínú àkọlé ìwádìí wọn gan-an ni wọ́n ti là á mọ́lẹ̀ pé àṣìpè ni orúkọ myoblastoma. Ìdí tí ayálégbé náà fi wà ní ilé gbogbo wá hàn kedere: kò sí ibi tí iṣan ìmọ̀lára kò dé, ahọ́n sì wà lára ibi tí ó pọ̀ sí jù.

Àwọn hóró náà ńkọ́? Christian de Duve, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ti ṣàlàyé ní ọdún 1955 pé àpò kéékèèké wà nínú sẹ́ẹ̀lì tí ó ń da pàǹtí nù, tí ó ń jẹ ohun tí ó ti gbó tàbí tí ó bàjẹ́. Irú àpò bẹ́ẹ̀ ni hóró wọ̀nyí, tí wọ́n kún àkúnya. Ààtàn tí a kò kó ni. Ó di ọdún 2018 kí ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó rí ohun tí ó fà á nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn kókó tí wọ́n yẹ̀ wò: ìbàjẹ́ nínú ọ̀kan nínú àbùdá méjì tí ń jẹ́ kí àpò náà kan tó bí ó ti yẹ. Bí inú àpò kò bá kan, pàǹtí kò ní í jẹrà. Yóò máa jọ síbẹ̀ títí sẹ́ẹ̀lì yóò fi wú. Kí èyí tó jáde, èròjà kan tí Moore ti yọ láti inú ọpọlọ màlúù ní ọdún 1965, tí a ń pè ní S-100, ti di ẹlẹ́rìí pàtàkì. Nǹkan bí ọdún 1982 ni àwọn oníwádìí fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì oníhóró ní èròjà náà nínú, gẹ́gẹ́ bí sẹ́ẹ̀lì Schwann ti ní in; iṣan ẹran ní tirẹ̀ kì í ní irú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, yàrá àyẹ̀wò tí ó bá ní aró S-100 kò nílò awò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kí ó tó lè pe kókó yìí ní orúkọ rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni lè béèrè pé kí ni aláìsàn fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe. Ohun tí ó kan án ni bóyá kókó náà yóò pa á. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé èyí tí ó pọ̀ jù lọ kò lè pa ènìyàn. Bí a bá gé e kúrò tán pátápátá, ó parí. Bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ṣẹ́ kù, ó lè tún yọ. Èyí tí ó burú, tí ń ràn kálẹ̀ bíi jẹjẹrẹ, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún. Ní 1945 ni Ravich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn ọ̀kan tí ó wà ní àpò ìtọ̀. Ó pẹ́ kí àwọn oníṣègùn tó fẹnu kò lórí bí a ó ṣe dá rere mọ̀ yàtọ̀ sí búburú, nítorí pé àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ní ọdún 1998, Fanburg-Smith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àmì mẹ́fà kalẹ̀, èyí tí a óò wá lábẹ́ awò, lára wọn ni pé kí sẹ́ẹ̀lì máa pín sí méjì ní àpọ̀jù, àti pé kí apá kan nínú kókó ti kú. Èyí tí ó bá ní mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, búburú ni. Èyí tí ó bá ní ẹyọ kan tàbí méjì, a óò máa ṣọ́ ọ.

Ewu tí ó tóbi jù kò sí nínú kókó náà, inú àṣìmọ̀ ni ó wà. Ibi méjì ni ó ti le jù. Àkọ́kọ́ ni ahọ́n. Bí kókó oníhóró bá wà lábẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ó bo ahọ́n, awọ náà a máa nípọn, a sì máa ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ lọ́nà tí ó fi jọ jẹjẹrẹ ẹnu. Bí dókítà bá bu kékeré láti òkè nìkan, tí ọ̀bẹ kò dé ibi tí hóró wà, ohun tí yóò dé iwájú awò jẹ́ awọ tí ó ń ṣe bíi jẹjẹrẹ. Bí a bá gbà á gbọ́, apá ńlá lára ahọ́n aláìsàn lè lọ sí i.

Ibi kejì ni ọmú, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ níbẹ̀. Kókó oníhóró nínú ọmú a máa le bí òkúta. Ó lè fa awọ ara wọlé. Nínú àwòrán tí ẹ̀rọ ń yà, etí rẹ̀ kì í dọ́gba. Gbogbo wọn ni àmì tí a fi kọ́ dókítà láti mọ jẹjẹrẹ ọmú. Láti ìgbà Halsted ní Amẹ́ríkà, ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ abẹ tí gbogbo ayé fi tọ́jú jẹjẹrẹ ọmú fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà náà ni kí a gé ọmú náà pẹ̀lú iṣan ẹran àyà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ àti kókó ọlọ́yún inú abíyá. Àpá rẹ̀ kò kéré, apá ẹ̀gbẹ́ náà sì lè máa wú títí ayé. Ó wà ní àkọsílẹ̀ nínú ìwé àwọn oníṣègùn pé a ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún àwọn obìnrin kan, tí ó sì jẹ́ pé kókó oníhóró ni wọ́n ní, èyí tí à bá yọ bí ẹni yọ ẹ̀gún. Wọn kò kú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n san owó orí àrùn tí kò ṣe wọ́n. Orúkọ ni ó gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ní ìhà tiwa, ọ̀nà jíjìn ni kókó ń rìn kí ó tó rí ẹni tí yóò pè é ní orúkọ. Àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti dá ilé ìwòsàn Ọkàn Mímọ́ sílẹ̀ ní Làńtọ́rọ̀, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1895, ṣùgbọ́n gígé kókó àti mímọ ohun tí a gé kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Nígbà tí a ṣí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì ní Ìbàdàn ní oṣù kọkànlá ọdún 1957, a ní ibi tí a ti lè kọ́ ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ìmọ̀ náà, tí a sì ti lè gba ẹran ara láti ìlú gbogbo. Lẹ́yìn náà ni ti Ṣágámù dé ní ọdún 1986, àti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1993. Ọ̀nà ti kúrú sí i fún ará Ìlaró àti Ayétòrò, ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ṣì wà, ewu rẹ̀ sì wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an. Bí a bá gé kókó tí a sì sọ ọ́ sínú garawa, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí a bá fi sínú ìgò láìsí fọ́málíìnì, tàbí nínú èyí tí kò tó, kí ó tó dé ibi tí ń lọ, hóró inú rẹ̀ yóò ti di oríṣiríṣi. Omi náà ní láti tó ìlọ́po mẹ́wàá ẹran tí a fi sínú rẹ̀. Ohun tí a ń ná lórí rẹ̀ kò tó nǹkan bí a bá fi wé ohun tí ó ń gbà là.

Ìbàdàn tún fún wa ní ohun mìíràn, èyí tí ó fi bí nǹkan ṣe ń sọnù hàn. Ní ọdún 1960 ni a bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tí ó pẹ́ jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1965, Edington, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ náà, àti Una Maclean tẹ ìṣirò ọdún 1960 sí 1963 jáde. Iṣẹ́ ńlá ni, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ayé mọ̀ nípa jẹjẹrẹ ní ilẹ̀ Yorùbá ni ó bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí kókó oníhóró ti ará Yewa yóò bọ́ sí. Àwọn tí ń gbé ìlú Ìbàdàn ni ìṣirò náà wà fún, kí a lè mọ iye ènìyàn tí a ó fi pín in. Ẹni tí ó ti Ìlaró wá gba ìtọ́jú kò sí nínú rẹ̀. Èkejì, jẹjẹrẹ ni ìwé náà ń kọ. Kókó rere kò ní ojú ewé níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni obìnrin Yewa tí ó ní kókó yìí bọ́ sílẹ̀ nínú ìwé, láìsí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ẹnì kan bá wá ń sọ pé àrùn yìí kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó yẹ kí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé inú ìwé wo ni ó ti kà á. Ní òdìkejì ẹnubodè, ní Kétu àti Pọ́bẹ̀, ìbéèrè kan náà ni, èdè ìwé nìkan ni ó yàtọ̀.

Ohun kan wà tí ó sàn nínú ètò yàrá àyẹ̀wò. Kí a tó gé ẹran ara sí pẹlẹbẹ, inú ìda ni a ń rì í sí kí ó lè le. Ìda yìí kì í bàjẹ́ bọ̀rọ̀; bí a bá tọ́jú rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ooru àti eku, ó lè wà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún pẹ̀lú nọ́ńbà aláìsàn lára rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé a lè padà sí orúkọ tí a ti sọ kókó kan ní ọdún 1958 tàbí 1970. A ó tún un gé, a ó fi aró S-100 sí i, èyí tí kò tíì sí nígbà náà, ìdáhùn yóò sì jáde. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ohun tí yóò fi kọ ìwé ìparí ẹ̀kọ́ rẹ̀, pàápàá ẹni tí ó gbọ́ Faransé tí ó sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó lè jókòó ní Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ kan kí ó sì jókòó ní Kútọnu ní ọ̀sẹ̀ kejì, kí ó máa ka ìwé àyẹ̀wò ìlú méjèèjì papọ̀. Ní ojú ewé kan yóò bá myoblastoma, ní òmíràn Abrikossoff, ní òmíràn orúkọ oníhóró. Yóò sì mọ̀ láti inú ìtàn tí a ti sọ yìí pé abẹ́ àkọlé kan ṣoṣo ni kí òun kó gbogbo wọn jọ sí.